Àwo Tó Ń Sáré, Àwo Tó Ń Rìn

Ìdoríkodò ni Àtinúkẹ́ kọ́kọ́ rí ojú ọkùnrin tí yóò fẹ́. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga àwọn oníṣègùn eyín, ẹnu rẹ̀ là gbàgà bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, iná ńlá kan ń tàn sí i lójú, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ìbòmú ti bo imú àti ẹnu ọkùnrin náà. Ẹyinjú méjì péré ló hàn, ẹyinjú tó tutù, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bí ti ọmọ màlúù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú náà ló mú àyà rẹ̀ já. Orin ni. Sípíkà kékeré kan wà lórí fìríìjì tí wọ́n ń kó oògùn sí, ohun tó sì ń jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn, kì í ṣe wàásù. Orin kíláásíkà ni, èyí tí ọ̀gá olórin ará Jámánì kan kọ, tó ti kú kí bàbá-ńlá ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà tó dáyé. Ní ilé àwọn Àtinúkẹ́ ní Kabong, ní ìlú Jos, Orin Ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ní àárín rẹ̀, àwọn gòjé òyìnbó á dákẹ́ wẹ́lo, fèrè kan á sì dá dún bí ẹyẹ tó jí ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àtinúkẹ́ mọ orin náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí i. Àwọn tó ń ṣe é nínú sípíkà yìí ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ó gbìyànjú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òwú kún ẹnu rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ti pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan kú, nítorí náà ohun tó jáde kò ju “Hó ń háhé hù” lọ. Dókítà dá ọwọ́ dúró, ó béèrè bóyá ó ń dùn ún. Ó mi orí pé rárá, ó tún un sọ, ó sì nawọ́ sí sípíkà. Dókítà wo ibi tó nawọ́ sí, ó rí fìríìjì, ó rò pé oògùn ni aláìsàn ń bẹ̀bẹ̀ fún, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n parí, ètè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síbẹ̀ kò lè dìde kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

“Orin yín yìí,” ó ní, “ó ń sáré jù.”

Dókítà yọ ìbòmú rẹ̀. Ó wò ó títí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. “Àwọn aláìsàn mi máa ń sunkún eyín,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sunkún orin.”

Abdulafeez ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Gangare. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ eyín, jẹnẹrétọ̀ kan máa ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé yàrá rẹ̀, orin àwọn òyìnbó àtijọ́ yìí nìkan ló sì máa ń ràn án lọ́wọ́ láti kàwé. Orin náà wá di ti inú rẹ̀. Títí di òní, òun ló fi ń bo ariwo irin tó fi ń lu eyín kí jìnnìjìnnì má bàa mú àwọn ènìyàn. Ó ní èyí tó ń sáré ló dára jù fún iṣẹ́ náà. Àtinúkẹ́ ní bóyá nítorí pé ó ń ṣe aláìsàn bíi kó sá lọ ni. Ìgbà tó délé ló tó rántí pé eyín ló gbé òun lọ síbẹ̀.

Wọ́n ní kó padà wá kí wọ́n yẹ eyín náà wò. Eyín ti san, ṣùgbọ́n ó padà lọ. Ó tún padà lọ lẹ́yìn ìyẹn, títí nọ́ọ̀sì tó ń gba orúkọ fi bi í pé eyín mélòó gan-an ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Àtinúkẹ́ ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Anglo Jos. Bí ó bá ti parí iṣẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìtọ́jú náà, lẹ́yìn ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì, máásà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, nínú abọ́ láàárín wọn, okùn ìyapíìsì kan nínú etí àwọn méjèèjì. Òtútù Jos á fún wọn ní àwáwí láti súnmọ́ra. Abdulafeez ní Orin Ẹlẹ́yẹ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe ní Ọ́sítríà. Àtinúkẹ́ ní èyí tí àwọn àgbàlagbà kan ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ijọ́un. Orin kan náà ni, kò sí ohùn tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí àwo kan ṣe ń rìn, èkejì ń sáré ni.

“Ẹyẹ tó bá ń ké báyìí,” Àtinúkẹ́ á wí, “ológbò ló rí.”

“Ẹyẹ tìẹ ńkọ́? Ó ti sùn lọ. Wallahi, mo lè fa eyín mẹ́ta kí fèrè yẹn tó mí.”

Bí wọ́n ṣe fi “ẹ̀yin” sílẹ̀ tí wọ́n bọ́ sí “ìwọ” kò yé àwọn méjèèjì. Àtinúkẹ́ á máa fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé Yorùbá Abdulafeez á máa rìn dáadáa títí ọkàn rẹ̀ á fi gbóná. Bó bá ti di bẹ́ẹ̀, Hausa ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà á pè é ní Tísà mi, á ní kó na òun.

Nígbà tí Abdulafeez sọ̀rọ̀ nílé, ó ní òun ti rí ọmọbìnrin kan tí àwọn jọ ń yẹ àwo wò. Ìyá rẹ̀, Alhaja Tohirat, tó ń ta abọ́, ìkòkò àti àwo ìjẹun ní ọjà, gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní ìyàwó tó mọ ọjà. Ó béèrè bóyá àwo alámọ̀ ni ọmọ náà mọ̀ jù tàbí ti páànù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá yé e, tí wọ́n fi orin náà sí i létí, ó gbọ́ ọ dé ìdajì.

“Gòjé lẹ́yìn gòjé,” ó ní, “ẹnikẹ́ni ò kọrin sí i. Ta gan-an ni wọ́n ń kì?” Ṣùgbọ́n ó ti bi Àáfà léèrè, Àáfà sì ti ní ọmọ ìjọ onítẹ̀bọmi kò burú, bó bá ti jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ní kí wọ́n mú un wá kí òun fi ojú ara òun rí i.

Ó wá ku bàbá Àtinúkẹ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló le.

Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà pípẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń gbé àwo dúdú ńlá kan sórí gírámáfóònù rẹ̀, Orin Ẹlẹ́yẹ kan náà, èyí tó ń rìn, tí òun àti ìyá Àtinúkẹ́ jọ fi fẹ́ra. Ní àkókò yẹn, ìkòkò gan-an kò gbọdọ̀ hó sókè nílé. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń bá a jókòó ni Philip, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń kọ ohùn tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gbogbo ohun tí Bàbá bá wí, àmín ni Philip. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé kì í ṣe orin nìkan ló ń gbé e wá síbẹ̀. Ojú ọkọ ló fi ń wo Àtinúkẹ́, ó sì mọ àkókò tí ọkọ ń wọlé: ìrẹsì kì í jinná nílé náà kó má bá a níbẹ̀.

Àtinúkẹ́ ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kabong tí Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí àti Gangare tí Mùsùlùmí pọ̀ sí kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan wà tí wọn kì í gbé èrò láti ọ̀kan lọ sí èkejì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó mọ ohun tí ẹnu ayé yóò wí. Ó kó ẹsẹ Bíbélì jọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ábúráhámù tí bàbá rẹ̀ fi dá a dúró.

“Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Alhaji ni,” Bàbá ní. “A jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ìyẹn kò le. Àwo wo ni ọmọ náà ń gbọ́?”

Kò lè purọ́. Ó sọ ọ́. Ojú Bàbá sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n ní olè ni.

“Èyí tó ń sáré,” ó ní. “Ẹni tí kò lè fara balẹ̀ fún orin, ṣé yóò lè fara balẹ̀ fún ìyàwó? Ní kó wá.”

Abdulafeez wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ agbádá kékeré, ó di sípíkà rẹ̀ mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Philip ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ti Bàbá. Bó ṣe ku díẹ̀ kí fèrè wọlé, Bàbá na ìka sókè, ó ní, “Ẹ gbọ́,” ojú rẹ̀ sì pa dé. Fèrè wọlé lábẹ́ ìka náà gan-an. Philip mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ti Abdulafeez.

Nígbà tó parí, Bàbá mi orí. “Yàtọ̀ sí eré sísá,” ó ní, “wọ́n tiẹ̀ yọ fèrè kúrò. Fèrè dà?”

Àtinúkẹ́ wo bàbá rẹ̀. Fèrè náà ti dún. Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ aládùúgbò dáhùn.

“Òótọ́ ni, Bàbá,” Philip yára wí. “Èmi náà ń wá fèrè títí.”

Abdulafeez ti la ẹnu. Àtinúkẹ́ rí i pé ó ti la ẹnu, ó sì ń retí. Ṣùgbọ́n dókítà náà wo Bàbá, ó wo bí ó ṣe gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tẹjú mọ́ sípíkà bí ẹni ń fi ojú wá ohun tí etí sọ nù, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní àwo Bàbá ló borí, òun kò ní àwíjàre.

Inú Bàbá dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, ìrònú náà kò sì ṣe Abdulafeez lóore.

“Ó ní ó fẹ́ràn àwo yìí tó fi ń gbé e kiri,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí àlejò lọ tán. “Ẹnu kan ṣoṣo ni mo là, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́la, bí ẹlòmíràn bá la ẹnu, yóò jọ̀wọ́ ọmọ mi. N kò fẹ́ ẹ.”

Àtinúkẹ́ kò jiyàn, nítorí pé inú ń bí òun náà. Nígbà tó pàdé Abdulafeez, ó bi í pé ṣé kò gbọ́ fèrè inú àwo ara rẹ̀ ni. Ó ní òun gbọ́. Àtinúkẹ́ ní kí ló dé tó fi dákẹ́. Abdulafeez ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòun láti sọ.

“Philip kan ti wà nílé wa,” Àtinúkẹ́ wí fún un. “N kò wá èkejì.” Ó dìde lórí bẹ́ńṣì, ó fi máásà sílẹ̀, kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Òun tí kò lè sùn láìgbọ́ orin tẹ́lẹ̀, ó wá di pé orin kankan kò dùn mọ́ ọn, èyí tó ń rìn àti èyí tó ń sáré. Ó fi àwọn òkè Áfíríkà sí ilẹ̀ Yúróòpù ní kíláàsì, àwọn ọmọ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán kan ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì gbọ́ ìró kan láti ẹnu ọ̀nà. Kẹ́tù tí wọ́n fi ń gbé omi tíì kaná, èyí tó máa ń súfèé bí omi bá hó, ló ń han goooro lórí gáàsì. Bàbá rẹ̀ jókòó ti kẹ́tù náà. Ó ń ka ìwé ìròyìn, ara rẹ̀ balẹ̀, èéfín sì ti bo ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Ó sáré pa iná. Bàbá gbójú sókè. “Omi yìí mà ń pẹ́ hó o,” ó ní.

Àtinúkẹ́ dúró pẹ̀lú aṣọ ìdìkòkò lọ́wọ́. Ohun gbogbo wá ń tò lé ara wọn níwájú rẹ̀: bí Bàbá ṣe máa ń ráhùn pé àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí fóònù rẹ̀ ṣe máa ń dún tí kì í mọ̀, bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ ẹnu ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àti fèrè. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó mọ ohun tí Abdulafeez rí lọ́jọ́ yẹn, ó sì mọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ níwájú Philip.

Kò dúró bọ́ bàtà iṣẹ́. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó dé ilé ìtọ́jú eyín, ó kọjá lára nọ́ọ̀sì, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Hàúwà, tó ń ta tòmátì, wà lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, òwú kún un. Abdulafeez dúró tì í pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Kò sí orin nínú yàrá náà rárá.

“Bàbá mi kò gbọ́ fèrè,” Àtinúkẹ́ wí.

“Mo mọ̀.”

“O jẹ́ kí n máa bú ọ.”

“Bí mo bá ní fèrè wà, ìtìjú ni fún un, lójú Philip tó ń gbè é. Bí mo bá sọ fún ọ, wàá wò ó lójú àánú kí ó tó ṣetán.” Yorùbá rẹ̀ ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, Hausa sì ń yọjú. “Mo rò pé ìbínú rẹ á rọ̀. To, kò rọ̀.”

“Ó ti rọ̀,” Àtinúkẹ́ ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Há háhá hó,” Hàúwà wí láti orí àga. Abdulafeez yọ òwú kan kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti gbọ́ ọ yé.

“Mo ní ẹ dì mọ́ra,” Hàúwà wí ní Hausa, “kí ẹ tètè padà sí ọ̀rọ̀ eyín mi.”

Lọ́jọ́ kejì, Abdulafeez dá lọ sí Kabong. Àtinúkẹ́ wà ní ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà wí fún Bàbá pé òun wá tọrọ àforíjì, fèrè wà nínú àwo òun, òun sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Nítorí pé ẹni kẹta wà níbẹ̀ lòun fi dákẹ́. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tọ́jú etí.

Bàbá yíjú sí gírámáfóònù rẹ̀, Àtinúkẹ́ sì yọjú.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” arúgbó náà ní. “Nínú àwo tèmi náà, n kì í gbọ́ ọ mọ́. Mo kàn mọ ibi tó ti ń wọlé ni. Èmi àti ìyá Àtinúkẹ́ ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè na ìka sí i bí mo tilẹ̀ dití. Ìyẹn ló ṣe dùn mí pé tìẹ ń sáré. N kò ráyè kà á dé ibi tí fèrè ti ń wọlé.” Ó nu ojú rẹ̀. “Má sọ fún Philip.”

Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sí Bàbá létí, wàhálà sì dé bá ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó dá ẹgbẹ́ akọrin dúró láàárín orin, ó bi wọ́n pé ẹran wo ló ń ké láàárín ohùn tẹ́nọ̀. Ìwádìí fi hàn pé Philip ni. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti fi Philip sí ẹnu ọ̀nà kó máa fi ìjókòó han àlejò. Iṣẹ́ náà sì yẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ dára. Nílé, Bàbá gbé àwo dúdú rẹ̀ sórí gírámáfóònù, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní ta ló ń dín àkàrà níbẹ̀. Ariwo àlòkù àwo ni. Nígbà tí fèrè wá wọlé, kò na ìka. Ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ti Abdulafeez láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Ó ṣì ń sáré,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹni tó bo ìhòòhò mi níta, tó wá bá mi sọ òótọ́ ní yàrá, n kò rí ibi tí mo ti lè kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Sọ fún ìyá rẹ kó máa bọ̀.”

Alhaja Tohirat wá lóòótọ́, pẹ̀lú àwọn ará Ìlọrin tí wọ́n kún ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, àti àpótí àwo ìjẹun kan fún àna. Ó wo Àtinúkẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, ó sì ní ó dára, ara rẹ̀ balẹ̀, yóò mú ọmọ òun tí kì í dúró lójú kan dúró. Òun àti Bàbá dá ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì ní Gangare, wọ́n dá ti àdúrà ìdúpẹ́ ní Kabong, wọ́n jiyàn lórí ìrẹsì, wọ́n sì parí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn yọ̀.

Àtinúkẹ́ nìkan ló fa àyànfẹ́ rẹ̀ lápá aṣọ, ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òjò àkọ́rọ̀ ti rẹ àwọn ewé kábéèjì bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

“Dókítà,” ó ní, “wọ́n ti dá ọjọ́. Wọ́n ti pín ẹran. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí léèrè.”

Abdulafeez wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ti bẹ ìyá rẹ̀, ó ti bẹ Bàbá, ìyá rẹ̀ sì ti bi Àáfà. Ó gbàgbé ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ó fi orúnkún kan lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá tó jinlẹ̀: “Àtinúkẹ́, ọmọ Ọ̀pádọ̀tun, bí ó bá jẹ́ pé...” Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún tán.

“Sọ ọ́ bó ṣe wà nínú rẹ,” Àtinúkẹ́ ní jẹ́jẹ́.

“Ina sonki,” ó ní ní Hausa, pé òun fẹ́ràn rẹ̀. “Za ki aure ni?” Ó ń bi í bóyá yóò fẹ́ òun.

Àtinúkẹ́ tẹ̀ ba, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kò sì fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

“Na yarda,” ó ní. “Dìde, olówó orí mi. Mo gbà.”